Ààrò Tí Bàbá Rẹ Wó ní Aládé

Òdòdé, Ìdànrè,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Rónkẹ́ mi, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ mú lẹ́tà rẹ dé ọ̀dọ̀ mi lánàá. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọkọ rẹ náà. Inú mi dùn pé ikọ́ tó ń yọ ọmọ lẹ́nu ti lọ, ó sì tún dùn mọ́ mi nínú pé o ti lóyún òmíràn. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Mo gbọ́ pé ilé-ìwé ńlá kan ti gbé yúnífọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ wọn fún ọ rán. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ọ́ sọ́dọ̀ aránṣọ, tí o ń sunkún pé abẹ́rẹ́ ń gún ọ lọ́wọ́, yóò mọ̀ pé ọpẹ́ ló yẹ mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà kò jẹ́ kí n sùn. O ní o fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ Bímpé, ọmọ iṣẹ́ rẹ, ní Oǹdó, kí o ti ti Ọ̀wọ̀ náà, kí o kó gbogbo maṣíìnì wá sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ní Àkúrẹ́. O ní aṣọ kankan kò ní í bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́ àfi kí ojú rẹ kọ́kọ́ kàn án. O ní wàá fi fìlà, bàtà obìnrin àti aṣọ ìgbéyàwó kún yúnífọ́ọ̀mù. O wá ní kí n máa bọ̀ wá gbàdúrà ìṣílé.

Àdúrà kò wọ́n mi, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, nínú ilé tí mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Bàbá rẹ ló sọ ọ́.

O mọ̀ pé bàbá rẹ kú. O mọ̀ pé àbúrò wọn, Débóra, ẹni tí o máa ń pè ní Àǹtí Aládé, kì í wọ ilé wa. Mo mọ̀ pé lọ́kàn rẹ, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ilé-ìwé ni o wà nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí o sì wálé fún ọlidé, ohun tí a sọ fún ọ kò ju pé iṣẹ́ búrẹ́dì ti rẹlẹ̀. N ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Jọ̀wọ́, má ṣe ní kí n tún un sọ.

Bàbá rẹ kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó nígbà èwe wọn. Ìgbà tí wọ́n padà wálé, kò tíì pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sí Òdòdé. Ilé tuntun ń yọ níbi gbogbo, oko kòkó sì ń fẹ̀ sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, èmi ni mo po amọ̀ tí a fi mọ ààrò àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé yìí. Búrẹ́dì oríṣi kan ṣoṣo la ń ṣe. Ìyẹ̀fun, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, àti ẹmu tí a fi ń mú un wú. Kò sí bọ́tà, kò sí mílíìkì. Gbígbóná rẹ̀ ló ń tà á. Àwọn lébìrà tó wá láti apá Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun láti ṣiṣẹ́ kòkó á rà á láàárọ̀, wọ́n á dì í lọ sóko.

Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé kí búrẹ́dì tó dé Aládé lórí ẹni tó ń kiri rẹ̀, ó ti tutù. Kí ó tó dé àwọn abà lẹ́yìn odò, ó ti le. Bàbá rẹ rò ó títí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìyàwó, dípò kí búrẹ́dì máa rìn, ṣé kí ààrò kúkú rìn?" Mo rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni Débóra lọ sílé ọkọ ní Aládé. Ọmọdébìnrin ni mo bá a nílé nígbà tí mo dé, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń po ìyẹ̀fun. Bàbá rẹ mọ ààrò kan sí ẹ̀yìnkùlé ọkọ rẹ̀, wọ́n ní, "Tìrẹ nìyí." Wọ́n tún mọ òmíràn sí abà kan lẹ́yìn odò, wọ́n fi lé Làmídì lọ́wọ́. Ará apá Ọ̀yọ́ ni Làmídì. Lébìrà ni tẹ́lẹ̀ kí igi tó wó lù ú lẹ́sẹ̀, tí kò fi lè gun kòkó mọ́.

Ohun méjì péré ni bàbá rẹ fi lélẹ̀ fún wọn. Ìwọ̀n búrẹ́dì kò gbọdọ̀ dín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ po ìyẹ̀fun tó ti bàjẹ́ mọ́ èyí tó dára. Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tí iná ń jó níwájú rẹ̀. Débóra rí i pé ọ̀sán ni èrò ń pọ̀ ní Aládé, ó sì ń yan tirẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ti Làmídì ti máa ń jinná kí àwọn lébìrà tó jí. Mo rántí ọjọ́ tí Làmídì tiro wọ àgbàlá yìí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jalè.

"Ọ̀gá, mo ti gé búrẹ́dì yín kúrú o."

Bàbá rẹ wò ó. "Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́?"

"Kékeré méjì ló jẹ́ ńlá kan. Mi ò yọ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa lóko fẹ́ èyí tí wọ́n lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé wọ́n ń rà á?"

"Wọn kì í jẹ́ kó tutù."

Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín. "Lọ máa gé e kúrú."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí òjò wó ààrò Débóra lọ́dún kan, àwa la ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí Aládé títí tó fi mọ òmíràn. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ tó kú, tí mo wà ní ọsibítù, tí bàbá rẹ kò kúrò lẹ́bàá ibùsùn mi, iná tiwa kú fún ìgbà pípẹ́. Ti Aládé ń jó, ti abà ń jó. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ wá béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Nígbà náà mi ò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ń dúpẹ́ fún ni. Mo rò pé bí iṣẹ́ ti ń rí náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kòkó tà dáadáa, owó rìn ní ìlú, bàbá rẹ sì lọ sí Èkó lọ kí ọ̀gá wọn àtijọ́. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n padà wá bí wọ́n ti lọ. Wọ́n rí ilé búrẹ́dì tí ẹ̀ńjìnnì ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀, tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀ bíi ti rélùwéè. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo ààrò amọ̀ wa bí ìgbà tí ènìyàn rí aṣọ tó ti gbó lára ara rẹ̀ níwájú àlejò.

"Eré la ń ṣe," wọ́n ní. "Ìdáná lásán ni gbogbo èyí."

Wọ́n kọ́ ilé ńlá náà sí ìsàlẹ̀ àpáta, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tó. Símẹ́ńtì ni ògiri, páànù ni òrùlé. Wọ́n ra ẹ̀ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù, wọ́n sì mú ọkùnrin kan wá láti Èkó tó mọ bí wọ́n ti ń yí i. Ẹ̀ńjìnnì náà lágbára ju búrẹ́dì oríṣi kan lọ, ó ń fẹ́ iṣẹ́ púpọ̀. Báyìí ni bàbá rẹ ṣe fi búrẹ́dì alágbọn kún un, wọ́n fi oní-mílíìkì kún un, wọ́n fi kéèkì àti bisikíìtì kún un. Èyíkéyìí tó bá wọlé, ó ń mú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ àti wàhálà tirẹ̀ wá. Kí gbogbo ìyẹ̀fun lè tó ẹ̀ńjìnnì jẹ, wọ́n wó ààrò ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n sì ní ti Aládé àti ti abà náà gbọ́dọ̀ lọ.

Mo bá wọn lọ sí Aládé lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú ọkùnrin méjì dání pẹ̀lú òòlù àti ṣọ́bìrì. Débóra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó búrẹ́dì jáde, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ló ti rí òòlù.

"Bùọ̀dá mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ló ń tóbi sí i."

"Ṣé búrẹ́dì mi ò dára mọ́ ni?"

"Ó dára."

"Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ dín?"

"Kò dín." Bàbá rẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. "Débóra, ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ wà, kí n lè máa fi ojú ara mi rí i."

Débóra dìde nílẹ̀. "Ojú tèmi kì í ṣe ojú ni, Bùọ̀dá?"

 Bàbá rẹ fi orí ṣe àmì sí àwọn ọkùnrin náà. Amọ̀ ọ̀hún ti jóná títí ó fi le gan-an, ó pẹ́ kí ó tó wó. Débóra kò sunkún. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá eérú bí wọ́n ti ń wó o, títí ojú ibẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́ bá a gbá a. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fi sílẹ̀."

Ní ti Làmídì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wó o. Ó kó páànù búrẹ́dì wá sílé fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá. Ó dúpẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò mọ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí ènìyàn ti ń tọrọ iyọ̀." Ó sì tiro padà lọ sí abà.

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ńlá náà wà ní ìbàdí bàbá rẹ. Iyọ̀, ìyẹ̀fun, bẹntiróòlù, àní igi ìdáná pàápàá, wọn ni wọ́n ń ṣí i. Débóra wá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Obìnrin tó ti dá iná tirẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Bí o bá bi òṣìṣẹ́ kan ní ohunkóhun, "Ẹ dúró kí Ọ̀gá dé" ni yóò sọ. Bàbá rẹ kò sì lè wà níbi gbogbo. Wọ́n á wà lọ́dọ̀ ẹ̀ńjìnnì, kéèkì á jó. Wọ́n á sáré lọ sídìí kéèkì, dẹ́rẹ́bà á ti dúró títí, búrẹ́dì tó ń lọ sóko á ti tutù. Wọn kì í jókòó jẹun mọ́. Mo wí fún wọn pé kí wọ́n fún Débóra ní kọ́kọ́rọ́ kan. Wọ́n ní, "Tó bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?" Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò kò dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan kán nínú ẹ̀ńjìnnì. Ọkùnrin ará Èkó ti lọ sílé rẹ̀, gbogbo wa wá dúró yí ẹ̀ńjìnnì náà ká bí ẹni tó ń wo aláìsàn tí kò gbọ́ èdè wa. Mo ní kí wọ́n rán ọkọ Débóra lọ ra èyí tó kán, ó mọ Èkó dáadáa. Bàbá rẹ ní kò ní mọ èyí tí yóò rà. Wọ́n wọ ọkọ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú gbogbo kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí.

Àìsàn àyà ló dá wọn dúró ní Èkó. Kí a tó gbọ́ pé ọsibítù ni wọ́n wà, ọjọ́ ti lọ. Odò kún, ó gbé afárá onípákó tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí abà. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí wa. Èsì tó padà wá ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọn ó fi dé. Nítorí náà a jókòó. Àwọn obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì á wá láàárọ̀ pẹ̀lú àwo lórí, wọ́n á gbójú wo òkè, wọn ò ní rí èéfín, wọ́n á yí padà. Òjò ń ṣàn wá láti ara àpáta, ó ń gba abẹ́ ògiri wọ yàrá ìyẹ̀fun. A kò rí i. Òórùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́.

Débóra wá bá mi. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ gbọ́ òórùn yìí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ ká já àgádágodo yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n yín ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Bùọ̀dá ò sí níbí. Àwa la wà níbí."

Ó gbé òkúta. Mi ò dá a dúró, mi ò sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ti di ògì. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti bu. Díẹ̀ lókè ló ṣì dára. Débóra kó èyí tó dára jáde, ó fi ọwọ́ pò ó bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, a sì dáná sí ààrò ńlá. A kó igi sí i títí, kò gbóná dọ́gba. Fún búrẹ́dì tó pọ̀ lọ salalu ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Tiwa kò bo igun kan níbẹ̀. Ohun tó jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ tutù. Débóra bu u sí méjì, ó wò ó, ó sì rọra ní, "Tí ààrò mi bá wà ni, ìlú ì bá ti jẹun." 

Bàbá rẹ dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ti gbẹ. Ohun tí ojú wọn kọ́kọ́ rí ni àgádágodo.

"Ta ló já a?"

"Èmi ni, Bùọ̀dá. Ìyẹ̀fun ń bàjẹ́."

"Ta ló fún ọ láṣẹ? Ṣé o ti sin mí ni, Débóra?"

Débóra tú aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ ìdí, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Aládé nínú òjò. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ ilé wa.

Wọ́n tún ẹ̀ńjìnnì ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ti mọ́ búrẹ́dì mìíràn. Ìgbà tí odò dí ọ̀nà abà, Làmídì tún amọ̀ pò, ó mọ ààrò padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ará abà kejì ní kí ó wá kọ́ àwọn. Ó kọ́ obìnrin kan níbẹ̀, obìnrin náà mọ tirẹ̀, ó sì kọ́ ẹlòmíràn. Làmídì kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí, àwọn ààrò náà ń jó. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù ò tilẹ̀ ní mọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ kò lè dìde mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Nínú ilé tiwa, kò sí ẹyọ kan! Mo jáde lọ ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Kékeré ni, róbótó. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Làmídì ni. Tàbí ẹni tí Làmídì kọ́, mi ò mọ̀."

Wọ́n wo èyí tó kù lọ́wọ́ wọn. "Iyọ̀ rẹ̀ pé," wọ́n ní. Wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Wọn kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́ títí tí ẹ̀mí fi bọ́. Mo ti ránṣẹ́ pe Débóra, ó ní òun ń bọ̀. Ìgbà tó dé, a ti ń wẹ̀ wọ́n. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló dúró sí. Mo ti lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó fún mi lómi mu, ó béèrè rẹ, ó béèrè ọmọ rẹ. Ìgbà tí mo la ẹnu sọ̀rọ̀ ààrò, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló wà.

Rónkẹ́, mo rò pé ìwọ náà ti ń rí ohun tí mò ń wò.

Àkọ́kọ́, jẹ́ kí ohun tí ò ń ṣe rọrùn dé ibi tí ọwọ́ rẹ fi lè tún un ṣe. Ìgbà tí ààrò amọ̀ wa bá lanu, èmi fúnra mi ni mò ń po amọ̀ dí i. O mọ yúnífọ́ọ̀mù, o mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní apá ibẹ̀ yẹn. Fìlà á fẹ́ ẹni tó mọ fìlà, bàtà á fẹ́ awọ àti ẹni tó mọ awọ, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó kò sì ní dúró kí o parí ti ilé-ìwé. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan kún un, kí ó jẹ́ ẹyọ kan, kí ti àtijọ́ sì ti lè dá dúró kí o tó ṣe é.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Bímpé. O ní ó ba aṣọ obìnrin kan jẹ́ ní Oǹdó, pé ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ pè é wálé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ó lọ bẹ obìnrin náà, ó sì tún òmíràn rán fún un. Ṣé àwọn oníbàárà rẹ ní Àkúrẹ́ gbọ́ sí i? Ṣé Ọ̀wọ̀ dúró? Ibi tí àṣìṣe ti wáyé ni ó parí sí. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, gbogbo yín lẹ ó jọ pín in. O tún ní bọ́tìnì tó ń lò kì í ṣe irú tìrẹ. Bóyá irú èyí tí àwọn obìnrin Oǹdó ń fẹ́ ni. Ìwọ kò sí níbẹ̀, òun ló wà níbẹ̀.

Má ṣe ṣì mí gbọ́ pé kí o tú ọwọ́ sílẹ̀ kí o máa sùn. Nígbà tí nǹkan ṣì dára, bàbá rẹ kì í sùn. Wọ́n á yọ sí Aládé láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé búrẹ́dì kan sórí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Mú ohun díẹ̀ tí o kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yí padà. Bóyá kí ojú rírán le, kí aṣọ sì jáde lọ́jọ́ tí ẹ dá. Dúró lórí ìwọ̀nyẹn gbọin-gbọin. Èyí tó kù, fi fún ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ronú nípa oyún inú rẹ pẹ̀lú. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò ní béèrè bóyá aṣọ wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé lẹ́yìn rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni ojú, bí o bá dùbúlẹ̀, gbogbo ilé fọ́ nìyẹn. Ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú lẹ́tà rẹ nìyí.

Ilé ńlá tún ń jẹ owó lójoojúmọ́, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, bí àdúgbò kò bá dára mọ́, o lè kó maṣíìnì rẹ lọ sí òdìkejì títì. Kò sí bí o ti fẹ́ kó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mi ò sọ fún ọ pé ohun kékeré kì í kú. Bóyá tí a bá fi àwọn ààrò amọ̀ náà sílẹ̀, nǹkan mìíràn ì bá ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Mi ò mọ̀. Èyí tí mo fi ojú rí nìkan ni mò ń sọ. Àwọn tó ń ra kòkó ló ń kó ẹrù sí ilé ńlá ìsàlẹ̀ àpáta báyìí. Ẹ̀ńjìnnì wà lóde, ó ti dípẹtà, adìẹ ń yé sí i nínú. Mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà ní ibi tí wàá máa gbójú kúrò lára rẹ̀ bí o bá ń kọjá.

Mi ò ní wá síbi ìṣílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, jọ̀wọ́ má bínú. Nígbà ìkúnlẹ̀ rẹ, n ó wá, bí ara bá gbà mí. Iṣẹ́ rẹ ni, owó rẹ ni, ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ ó pinnu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo bẹ̀ ọ́, kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Kí o tó ti ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, lọ sí Oǹdó. Má mú ọkọ̀ akẹ́rù dání. Jókòó ti Bímpé, kí o bi í léèrè bí ibẹ̀ ti rí, ohun tó ń dà á láàmú, ohun tó rò. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ìwọ tó sọ tìrẹ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé bàbá rẹ, mo gbọ́ tí wọ́n ń pàṣẹ fún Débóra, mo gbọ́ tí wọ́n ń yìn ín. Mi ò gbọ́ kí wọ́n bi í léèrè ohunkóhun rí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.